Fọ́ọ̀mù Tí Wọ́n Fi Ń Gbé Ọmọ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí Ọ̀gá kékeré tó ń ti orí ẹní pàṣẹ fún gbogbo yín. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ṣé inú tó ń run Ọ̀gá ti rọlẹ̀ kí ẹ rímú mí? Àwa níhìn-ín kò ṣàìsàn, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó máa ń sọ fún mi pé òjò ń bọ̀ kí òjò fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ẹlẹ́dàá tó mú mi dé ọ̀dọ̀ yín, tó tún mú mi padà wálé tí bàtà mi kò já, yóò máa dúró lẹ́nu ọ̀nà yín tọ̀sán-tòru. Ìyá rẹ jókòó tì mí bí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Kò rán nǹkan, kò ṣa nǹkan, kò bó nǹkan, ó kàn jókòó ni, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìdí tó fi lè rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé.

Ìròyìn kò pọ̀. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn sì ti jẹ ìwé tí mo kọ ìwọ̀n tábìlì ilé ẹ̀kọ́ sí, nítorí náà tábìlì kan ga ju ìyókù lọ, mo wá sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé ti àwọn ọmọ gíga nìyẹn. Tíṣà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ti fẹ̀yìn tì, ó wá ń fi gbogbo òwúrọ̀ ka ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá sí wa létí bí ẹni pé ọ̀la ló máa ṣẹlẹ̀.

Ohun tó mú mi gbé bírò gan-an ni pé mo purọ́ fún ọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ yín, mo ní mo kàn wá wo ojú ọmọ ni. Irọ́ ni. Wọ́n rán mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Adájọ́ nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ ilé ẹnikẹ́ni tí kì í dá, ló rán mi. Ṣé o rántí ọjọ́ tí ìyàwó rẹ pè wá lórí fóònù tó ń fi ojú èèyàn hàn? Adájọ́ ló gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ, ó wo inú rẹ̀, ó sì rí ọ nídìí sítóòfù, o pọn ọmọ sẹ́yìn, o ń ro ọbẹ̀, ìyàwó rẹ sì jókòó sídìí tábìlì, ó ń jẹun. Ó dá fóònù padà bí ẹni tó di ẹyin iná mú. Ó ní ó ti parí, wọ́n ti sọ ọmọ náà di ìyàwó ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló pè mí, ó ní kí n lọ bá ọ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kí ìyàwó rẹ fi iṣẹ́ ọsibítù sílẹ̀ kó gbájú mọ́ ọmọ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun fúnra òun yóò di ẹrù, òun yóò wá gba ìdáná yín. O sì mọ ilé tí Adájọ́ bá gba ìdáná rẹ̀. Ti àbúrò mi ọkùnrin tó gbà lọ́jọ́sí, oṣù mẹ́ta péré ni, ìyàwó ti padà sílé ìyá rẹ̀, àbúrò mi náà kò sì tíì rẹ́rìn-ín dáadáa láti ọjọ́ yẹn.

Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi kò tilẹ̀ jẹ́ ẹ rárá. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni mo lò lọ́dọ̀ yín, ojoojúmọ́ ni mo ń la ẹnu láti sọ ọ́, ojoojúmọ́ náà ni nǹkan ń pa á mọ́ mi lẹ́nu.

Nǹkan àkọ́kọ́ ni fọ́ọ̀mù yẹn. Mi ò tíì bọ́ bàtà tán tí mo fi rí i lórí tábìlì, ìwé funfun tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọ́fíìsì yín sí, tí ìwọ náà bu ọwọ́ lù. Mo bi ọ́ pé kí ni, o ní ọ́fíìsì ló fún ọ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti tọ́jú ọmọ nítorí pé ìyàwó rẹ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. O sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀. Orí mi wú. Ṣé wọ́n ti wá ń fún ọkùnrin ní ìwé àṣẹ láti gbé ọmọ rẹ̀ ni? Mo wá rí i pé Adájọ́ kò mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó ní láísẹ́ǹsì lọ́wọ́, ta ni yóò mú un pé ó wa ọkọ̀? Mo tún rò ó síwájú, mo ní bóyá ìdí tí àwa kò fi gbé ọmọ nígbà tiwa nìyẹn, kò sẹ́ni tó fún wa ní fọ́ọ̀mù. Inú mi dùn pé o ti dé ipò tí wọ́n ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ dá èèyàn lọ́lá, mo sì ti sọ fún Tíṣà pé wọ́n ti gbé ọ ga.

Lẹ́yìn náà ni ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Mo dúró níwájú rẹ̀ títí omi tútù tí mo fẹ́ mu fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Fífọ igò, wíwẹ ọmọ, aṣọ, oúnjẹ alẹ́, gbígbé ìdọ̀tí lọ sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, búlúù ni ẹ fi sàmì sí tìrẹ, pupa ni ẹ fi sàmì sí ti ìyàwó rẹ. Àánú ọmọbìnrin náà ṣe mí. Nígbà tí a wà nílé ẹ̀kọ́, ẹni tó bá gba pupa ti kùnà nìyẹn, ẹgba ló kù. Mo ní obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ tó báyìí, kò wá rí ẹyọ kan gbà! Nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kó má sunkún, pé èmi ti fojú ara mi rí i pé àwọn igò náà mọ́, màá bá ọ sọ̀rọ̀ kí o tún máàkì rẹ̀ ṣe. Ó wò mí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ìdáná pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní bàbá, kò sẹ́ni tó ń máàkì ẹnikẹ́ni, àwọ̀ tí òun fẹ́ràn ni. Kò sì sọ ọ́ fún ọ. Ọ̀kan nínú ìdí tí mo fi fẹ́ràn ìyàwó rẹ nìyẹn, kì í tú àṣírí àgbà.

Fóònù rẹ ló bí mi nínú díẹ̀. Tó bá ti dún, wàá tẹ̀ ẹ́ pa, o ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wàá kàn dìde lọ gbé ọmọ tàbí lọ ká aṣọ lórí okùn. Mo ní alábòójútó tó ń ti ọ́fíìsì pe èèyàn, ó yẹ ká kí i. Lọ́jọ́ kan tó dún nígbà tí ọwọ́ rẹ wà nínú ọṣẹ, mo gbé e, mo kí wọn dáadáa, mo ní ẹ má bínú sà, igò ló ń fọ̀ lọ́wọ́, kò ṣe ìmẹ́lẹ́ o, èmi bàbá rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Wọn kò dá mi lóhùn, orin náà ni wọ́n ń kọ lọ. Mo rò pé inú ló ń bí wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí yàtọ̀ sí ìwé àti fóònù ló pa mí lẹ́nu mọ́ jù. Ìyàwó rẹ á ti ọsibítù dé, á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, á na ọwọ́, wàá gbé ọmọ fún un, á sì bi ọ́ pé ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn. Wàá sọ iye ìgbà tí ọmọ mu, á ní kí o lọ dùbúlẹ̀ fún wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó bẹ ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣe lóore. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá wọ ìyàwó rẹ lọ́rùn jù, o gba méjì nínú tirẹ̀ láìkà á, ọjọ́ tí ẹ̀fọ́rí dè ọ́ mọ́lẹ̀, ó gba gbogbo tìrẹ. Ìdáná yín sì rèé, èèyàn méjì kò lè kọjá níbẹ̀ láìfi ẹ̀gbẹ́ rìn. Èmi tí mo ti ń bá èèyàn gbé pákó láti kékeré, mo mọ̀ nígbà tí àwọn méjì tó wà nídìí pákó bá ń gbé e dọ́gba, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ láàárín wọn. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ọṣẹ. Ìwọ lo mọ̀ pé ọṣẹ ń tán. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọ, o kàn gbọn páálí rẹ̀ wò, o sì kọ ọ́ sára ohun tí ẹ máa rà. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógójì tí èmi àti ìyá rẹ ti ń gbé inú ilé yìí, kò sí ọjọ́ kan tí mo wẹ̀ láìrí ọṣẹ, mi ò sì fi ọjọ́ kan bi ara mi pé báwo ló ṣe ń dé ibẹ̀.

Mo tún ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ọ̀sán ọjọ́ tí o lọ gbé gáàsì nísàlẹ̀, tí o ní kí n máa wo Ọ̀gá, ó jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo dúró lórí rẹ̀, mo káwọ́ sẹ́yìn. Mi ò ní fọ́ọ̀mù. Orúkọ rẹ nìkan ló wà nínú tìrẹ, mo ti wo ẹ̀yìn ìwé náà pẹ̀lú. Mo bẹ ọmọ náà, mo ní kó ṣe sùúrù, bàbá rẹ̀ tó ní àṣẹ ń bọ̀. Ẹkún ń le sí i. Mo lọ sójú fèrèsé, mi ò rí ọ. Ni mo bá ní kí wọ́n wá mú mi bí wọ́n bá fẹ́ mú mi, mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé pákó, orí rẹ̀ sì ṣubú sẹ́yìn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà rèé ní pálọ̀, orí ọmọ ń wọ́ lọ́wọ́ èmi gan-an. Ìgbà náà lo wọlé. O ò pariwo mọ́ mi. O gbé gáàsì sílẹ̀, o mú ọwọ́ òsì mi, o gbé e sábẹ́ ọrùn rẹ̀, o mú ọ̀tún, o gbé e sábẹ́ ìdí rẹ̀, bí mo ṣe gbé ọwọ́ tìrẹ lé ayùn nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje. Ọmọ dákẹ́. Mo sọ fún ọ pé eruku ló kó sí mi lójú. Kò sí eruku nínú ilé yín, ìwọ lo gbálẹ̀ láàárọ̀, mo rí ọ. Ọmọ márùn-ún ni mo bí, ìwọ sì ni àbíkẹ́yìn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbé ọmọ tí kò tíì lè jókòó.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́rìnlá inú fọ́ọ̀mù wá pé, ọkàn mi kò balẹ̀. O padà sí ọ́fíìsì, ẹ ń gbé Ọ̀gá lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ nísàlẹ̀ ilé, ó dára. Ṣùgbọ́n bí o ṣe dé nírọ̀lẹ́, o tún bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, o tún kúnlẹ̀ ti ọ̀pọ́n, o ń wẹ ọmọ! Mo yọ́ lọ fa kọ́tìnnì dé, kí àwọn ará ilé òdìkejì má baà rí ọ. Mo ní ọmọ mi ti ń fi ìwé tó ti kú gbé ọmọ. Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Mi ò lè bi ọ́, kí n má baà di ẹlẹ́rìí. Inú bọ́ọ̀sì tó gbé mi bọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi: o mọ̀ pé ìwé ti kú, o sì ń ṣe é. Ọkùnrin tó lè kojú òfin kí ìyàwó rẹ̀ lè rójú na ẹ̀yìn, akọni ni. Mo sọ ọ́ fún ẹni tó jókòó tì mí, ó ní òun náà gbà bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe délé, mo wá ìwé, mo fi pẹ́ńsù iṣẹ́ mi fa ìlà sí i, mo kàn án mọ́ ilẹ̀kùn ìdáná ní ìṣó mẹ́rin. Mi ò ní ọmọ kékeré mọ́, ṣùgbọ́n àwo kì í bi èèyàn bóyá ọmọ rẹ̀ ti dàgbà. Mo gbé fóònù mi lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe, mo ní kó bá mi wá alábòójútó tó ń pe ọmọ mi, kí wọ́n máa pe èmi náà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ní kò sí alábòójútó kankan, ẹni tó ni fóònù ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kó máa dún. Mo ní kó bá mi ṣe tèmi sí aago mẹ́rin. Ó jẹ́ pé ìwọ lo ń pe ara rẹ sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ mi, mo fẹ́ràn rẹ gidi lọ́jọ́ náà, níwájú ṣọ́ọ̀bù onífóònù.

Ìyá rẹ rí mi nídìí àwo lọ́jọ́ kìíní, ó jókòó, ó di orí mú. Ó bi mí pé kí ni dókítà ìlú ńlá sọ fún mi tí mò ń fi pa mọ́ fún òun, ṣé oṣù mélòó ló kù. Mo ní ara mi le. Kò gbà. Ó tún gbogbo àwo náà fọ̀. Ọjọ́ kejì, ó tún wọn fọ̀. Ọjọ́ kẹrin, ó gbé ọ̀kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó yí i po, ó gbé e sílẹ̀, ó sì lọ jókòó. Láti ìgbà tí mo ti kọ́ iṣẹ́ parí, mi ò tíì gba ìyìn tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni Adájọ́ pe ẹbí jọ sí pálọ̀ mi. Ẹrù rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, àpò méjì àti ìgbálẹ̀ tuntun kan, nítorí ó ní kò dá òun lójú pé ìgbálẹ̀ gidi wà lọ́dọ̀ yín. Bọ́ọ̀sì Ọjọ́bọ̀ ló fẹ́ bá wá. Ó ní kí n jábọ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí mo rí, fọ́ọ̀mù, òǹtẹ̀, pupa àti búlúù, mo ní ọmọ mi kò di ìyàwó ẹnikẹ́ni, bàbá ló dà, irú bàbá tí èmi kò tíì rí rí. Adájọ́ ní wọ́n ti fún èmi náà ní nǹkan jẹ. Ó ní ẹjọ́ ti parí, Ọjọ́bọ̀ kò ní yẹ̀. Mo ń rí ìyàwó rẹ lójú mi bó ṣe ń ká aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ sínú àpò. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ ni fóònù mi dún. Aago mẹ́rin. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo tẹ̀ ẹ́ pa, mo ní ẹ jọ̀ọ́, àkókò iṣẹ́ mi ti tó, mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ká apá aṣọ, mo jókòó ti ìkòkò.

Adájọ́ tẹ̀ lé mi. Mo gbọ́ ìró ọ̀pá rẹ̀. Ó dúró lórí mi, ó ní bí wọ́n ṣe ń fọ ìdí ìkòkò kọ́ nìyẹn, kí n fi eérú sí i. Mo fi eérú sí i. Ó wò mí títí mo fi fọ ìkòkò méjì. Ó wá fa àpótí kan, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ìkòkò sọ ọ́. Ó ní nígbà tí òun bí ọmọ òun kejì, ọjọ́ karùn-ún, òun lọ pọn omi. Òòyì kọ́ òun létí kànga, òun ṣubú, garawa dà sí òun lára, òun kò sì lè dìde. Ó ní òun ń gbọ́ rédíò ọkọ òun láti ibẹ̀. Ọkọ òun jáde, ó rí òun nílẹ̀, ó bi òun pé ṣé oúnjẹ máa pẹ́ ni. Ó ní èèyàn dáadáa ni ọkọ òun, kò lu òun rí, kò bú òun rí, kò kàn mọ̀ pé ó lè rẹ òun ni. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti ṣẹlẹ̀, èmi àbúrò rẹ̀ kò gbọ́ ọ rí. Mo fi omi ṣan ìkòkò. Ó ní ọjọ́ tí òun rí ọ nínú fóònù, kì í ṣe ìwọ ni òun bínú sí. Ó ní ìyàwó rẹ ni òun ń jowú, bó ṣe jókòó tó ń jẹun. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ọdún wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní fọ́ọ̀mù yẹn. Mo ní mi ò mọ̀, màá bi ọ́. Ó dìde, ó wọlé, ó sọ fún ẹbí pé òun ti tún ẹjọ́ náà gbé yẹ̀ wò, ó sì tú ẹrù rẹ̀. Ìgbálẹ̀ tuntun náà, èmi ló fún.

Nítorí náà, Adájọ́ kò wá mọ́. Kí ìyàwó rẹ fọkàn balẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Adájọ́ ní kí n kí i, kí n sì sọ fún un pé kó máa jókòó jẹun.

Owó tí mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ kò pọ̀. Ti ọkọ̀ mi ni, àlọ àti àbọ̀, nítorí mo fẹ́ tún wá lóṣù tó ń bọ̀, kí ẹ kọ orúkọ mi sára fíríìjì, àwọ̀ ewé ni kí ẹ fún mi. Owó bàtírì fóònù tuntun wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí mò ń lò kì í pẹ́ kú, mi ò sì fẹ́ kí aago mẹ́rin kọjá mi. Bó bá ṣẹ́kù, kí ìyá rẹ fi ra ohun tó bá wù ú, mi ò ní bi í. Gba báǹkì fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tó wà lára ògiri níbẹ̀, oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ìgbà tó fún mi lówó kẹ́yìn mo dúró mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, àwọn tó wà lẹ́yìn mi ló ń kùn. Ilé yín kò ní dàrú. Ohun tí ẹ jọ gbé kò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú yín. Ọmọ tí ẹ jọ ń tọ́, ẹ ó jọ jókòó jẹ èrè rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Bá mi béèrè ní ọ́fíìsì yín bóyá wọ́n lè fún mi ní fọ́ọ̀mù ti ọdún tí a bí ọ. Mi ò béèrè owó kankan lé e. Ọjọ́ mẹ́rìnlá náà gan-an ni mo fẹ́, nígbà tí o ṣì jẹ́ ìkókó. Ìyá rẹ ní o máa ń sunkún gan-an nírọ̀lẹ́, èmi náà sì rántí pé mo máa ń jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí ariwo má baà dí mi lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní ó ti pẹ́ jù, má bá wọn jà. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ kò kọ iṣẹ́, kò mọ̀ ni. Ìwọ náà, ọmọ mi, gbọ́ ọ láti ẹnu mi: mi ò mọ̀ ni.

Èmi ni,
Bàbá rẹ